Orúnkún Tó Gbọ́dọ̀ Kanlẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìwó, kí Mùnírátù tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé, orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí. Ó jókòó sí etí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń bínú. Ti ọ̀tún wú, ti òsì náà wú, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ló gbóná. Ó gbìyànjú láti ká a. Ìrora ta á débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé ó ń sunkún.

"Ẹ̀yin orúnkún yìí," ó ní, "òní nìkan ni mo bẹ̀ yín. Bó bá di ọ̀la, ẹ ṣe bó ṣe wù yín."

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín o. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di ọjọ́ Fúráìdè, orí orúnkún méjèèjì yìí ni Mùnírátù fi ń fọ ilẹ̀ fún ìjọba. Ọ́fíìsì ńlá kan ní Garki ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi tẹ̀rásò ṣe ilẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé òkè kẹta. Ọ̀gá wọn kò fẹ́ igi ìnulẹ̀. Ó ní igi ìnulẹ̀ kì í yọ ìdọ̀tí etí ògiri, kí àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa, kí òun lè máa wo ojú ara òun nínú ilẹ̀ bí òun bá ń kọjá. Wọ́n fọ̀ ọ́. Ọ̀gá ń wo ojú ara rẹ̀. Orúnkún àwọn obìnrin sì ń wú, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba ló ń ba Mùnírátù lẹ́rù láàárọ̀ yẹn. Nígbà tí Ìyá wá kẹ́yìn, kò lè kúnlẹ̀ kí i. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, mà." Ìyá kò sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Ìgbà tó padà dé Ìwó ló tó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ mọ́tò padà wá bá wọn ní Nyanya. Wọ́n ní Ìyá, Àwẹ̀ró, sọ pé ìyàwó Sùlàímọ́nù ọmọ òun ti di ìyàwó Àbújá, pé ó kí òun bí ẹni tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Sùlàímọ́nù, ọkọ rẹ̀, ti jí, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Wẹ́dà ni, oríta Karu ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, èéfín irin ti sọ ojú rẹ̀ di pupa ṣáá. Kò wo ìyàwó rẹ̀ lójú tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá Gàní, jọ̀ọ́, lónìí o."

"Lónìí kí ni?"

"O mọ ohun tí mo ń sọ."

"N kò mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Ṣé kì í ṣe ìkúnlẹ̀ lásán ni? Fi kan ilẹ̀, kó o dìde. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

"Kíkúnlẹ̀ kò le, Bàbá Gàní. Dídìde ló le."

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Oyin wo? Mo ní oyin wo ló wà níbẹ̀ tí èmi yóò jẹ?"

Sùlàímọ́nù nàró. Ó ti rí bàtà. Ó ki ọwọ́ sí àpò, ó mú ìdì bébà kékeré méjì jáde, ó fi wọ́n sí orí tábìlì lẹ́bàá ìyàwó rẹ̀, ó sì jáde lọ. Ohun tó ní láti fi bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, Mùnírátù sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni.

Gbogbo Nyanya ló mọ ìdì bébà yẹn. Dìde-kí-o-máa-rìn ni wọ́n ń pè é. Jàbárù ló ń tà á nínú bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú láàárọ̀. Yóò dúró láàárín ọkọ̀, yóò gbá irin òkè mú, ohùn rẹ̀ á ta gbogbo ẹni tó ń tòògbé jí. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹni tí ara kò bá ro nínú mọ́tò yìí, kó bọ́ sílẹ̀!" Ẹnikẹ́ni kì í bọ́ sílẹ̀. Á ní làkúrègbé ni, á ní ẹ̀yìn dídùn ni, á ní Hausa ń mu ún, Íbò ń mu ún, Gwari tó ń fi èjìká ru igi láti orí òkè ń mu ún. Hóró funfun méjì, hóró pupa rẹ́súrẹ́sú kan, kápúsù kan. Á ní kí inú ṣófo kí wọ́n tó mu ún, kí oúnjẹ má baà dí i lọ́nà oríkèé.

Mùnírátù kò ṣàì lọ sí díspẹ́ńsárì kó tó bọ́ sọ́wọ́ Jàbárù. Ó lọ. Ó jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan orí. Wọ́n tẹ orúnkún rẹ̀ wò, wọ́n kọ nǹkan sí bébà, wọ́n ní oògùn ti tán, kó lọ rà á níta. Níta, Jàbárù ló wà.

Ó tú ìdì kan, ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ó fi omi tútù sin ín lọ. Inú rẹ̀ ṣófo. Ó dúró díẹ̀, ó gbọ́ bí ohun kan ṣe ń jó o fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lábẹ́ àyà, bó ti ń ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Lẹ́yìn náà ó mú bútà omi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sínú igbó, ibi tí gbogbo ilé náà ń yà sí. Ohun tó rí níbẹ̀ ni ohun tó ti ń rí bọ̀. Ìgbẹ́ náà dúdú, ó ń dán bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí ọ̀nà Keffi. Ó da omi lé e lórí kíá bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ bá a jà sí i.

Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, Bámiṣayọ̀ ti tò garawa rẹ̀. Ọmọ Ìsánlú ni, Kìrìsítẹ́nì ni, yàrá tó kọjú sí tiwọn ló ń gbé. Ó fi ọjọ́ orí díẹ̀ ju Mùnírátù lọ.

"Òkun o, Ìyá Gàní."

"Òkun o, Àǹtí. Ẹ kú àárọ̀."

Bámiṣayọ̀ kò jẹ́ kó gbé garawa sílẹ̀ tó fi fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. "Inú ojú ẹ funfun. Ohun tó o sọ fún mi ọjọ́sí, ṣé ó ṣì dúdú?"

Mùnírátù rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣì dúdú, Àǹtí."

"Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ti sọ fún ẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú ikùn wá, dúdú ló ń dà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá mi nìyẹn, tí a ń sọ pé kò tíì tó nǹkan. Fi oògùn inú mọ́tò yẹn sílẹ̀. Bó bá di Mọ́ńdè, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sí ọsibítù ìlú."

"Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí òní kọjá."

Mùlíkàt, ìyàwó káfíńtà, wà lẹ́yìn wọn. Etí Mùlíkàt a máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ ní Karu, áńbọ̀sì ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

"Ẹ̀jẹ̀ bíi ti báwo?" ó ní. "Pupa ni Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni! Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, ó ń gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Bó bá gbá a tán, á mọ́. Ìyá Gàní, má jẹ́ kí wọ́n já ọ láyà lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ ẹ ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní láti mú ọ̀kan. Ti Bámiṣayọ̀ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó gba mọ́tò, ó gba kí ènìyàn tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tún sọ pé kó lọ rà á níta. Ti Mùlíkàt kò gba nǹkan kan. Mùnírátù gbé omi rẹ̀, ó ní, "Oògùn ló ń ṣiṣẹ́, Àǹtí," ó sì lọ. Bámiṣayọ̀ ń wò ó lẹ́yìn títí ó fi wọlé.

Oúnjẹ ọjọ́ náà tún di ìjà kékeré. Sùlàímọ́nù ti ní kí wọ́n pa adìẹ fún ìyá òun, ṣùgbọ́n ohun tó fi sílẹ̀ kò lè ra ẹsẹ̀ adìẹ láyé Sáàpù tí ìjọba gbé dé, tí ohun gbogbo gbówó lórí yìí. Ìgbà tó padà wálé láti wá pààrọ̀ ẹ̀wù kó tó lọ pàdé Ìyá, ó ṣí ìkòkò wò, ó rí ẹja dídì.

"Ẹja lo fẹ́ gbé síwájú Ìyá mi?"

"Adìẹ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fò lọ."

"Mùnírátù!"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo inú àpò yín kí ẹ tó wo inú ìkòkò mi. Mo ti gún iyán, mo ti se ẹ̀gúsí. Àwọn tó ń jẹ ẹja kì í kú."

Ó fẹ́ fèsì, ó rí i bó ṣe fi ọwọ́ kan ti ògiri kó lè dúró, ó sì pa ẹnu dé. Ó lọ. Gàníyátù, ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sí ilé ìwé girama, gba omorogùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Mummy, ẹ sit down, jàre." Mùnírátù kò jókòó, nítorí bó bá jókòó, dídìde tún di iṣẹ́.

Nígbà tó di ìrun àyìlà, oògùn òwúrọ̀ ti ń lọ lára rẹ̀. Ó kírun ní ìjókòó. Orúnkún ọ̀tún tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ó ronú sí bí Ìyá yóò ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ará ilé yóò yọjú, tí Mùlíkàt yóò yọjú ju gbogbo wọn lọ. Ó wọ yàrá, ó tú ìdì kejì, ó gbé e mì. Kò tíì jẹun. Òórùn ẹ̀gúsí gan-an ń lé èébì sí i lọ́nà ọ̀fun.

Àwẹ̀ró dé pẹ̀lú ẹrù iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìlú Bídà ló sùn mọ́jú. Obìnrin gíga ni, ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń rìn ṣánṣán, kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí i á ní ọjọ́ ogbó kò tíì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Mùnírátù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùlíkàt ti wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tó ti ṣà tán. Mùnírátù kò di férémù mú. Ó fi orúnkún òsì lélẹ̀, ó fi ti ọ̀tún tẹ̀ lé e, méjèèjì kan síméńtì. Ó gbọ́ bí ìrora náà ṣe gun òkè wá sí ìbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn dì í mú, kò jẹ́ kó dé ojú.

"Ẹ kú àbọ̀ o, mà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́, mà? Àwọn ará Ìwó ńkọ́?"

Ojú Ìyá tàn. Ó gbé ẹrù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwẹ̀ró kì í ṣe ahun nídìí àdúrà. Ó gbàdúrà fún ọkọ, ó gbàdúrà fún Gàníyátù, ó gbàdúrà fún iṣẹ́ ìjọba tí Mùnírátù ń ṣe, pé wọn kò ní fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún mọ́tò tó gbé òun wá. Mùnírátù ń ṣe, "Àmín, mà. Àmín, mà," òógùn ń ṣàn láti orí rẹ̀ wá sí àgbọ̀n. Nígbà tí Ìyá dé orí àwọn ọ̀tá ilé, ilé ń pòòyì lójú rẹ̀. Ọ̀tá òde ṣì kù.

"Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbé ọ dìde."

Kò lè dìde. Ó gbìyànjú, ó tún jókòó sórí gìgísẹ̀. Gàníyátù sáré dì í lápá. Nígbà tó fi dúró tán, Ìyá ti rí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wọ yàrá. Ìyá ní kí ọmọ rẹ̀ lọ wo ẹrù níta, kí Gàníyátù bu omi wá. Ó ku àwọn méjèèjì. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò dà bí ohùn tó gun mọ́tò wá láti Ìwó nígbà yẹn.

"Orúnkún ń dùn ọ́."

"Rárá o, mà. Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

"Má purọ́ fún mi. Ṣé ẹni tó ń jẹ obì kò mọ ẹni tí ẹnu ń korò ni? Ó yẹ kó o ti sọ fún mi. Èmi rò pé ìgbéraga ni."

Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Ìdì bébà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó nawọ́ ọ̀kan sí Mùnírátù. Ó ní gáréèjì Bídà ni òun ti rà á, ohun tí òun ń lò nìyẹn, oògùn náà ló gbé òun dé Nyanya. Mùnírátù tú u. Hóró funfun méjì, hóró pupa rẹ́súrẹ́sú kan, kápúsù kan.

Ọ̀rọ̀ Bámiṣayọ̀ ta sí i lọ́kàn. Ìdì méjì ti wà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀, iná kan sì ti ń jó lábẹ́ àyà rẹ̀ tí kò kú mọ́. Ó fẹ́ sọ pé òun ti mu ún. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Ìyá á mọ̀ pé orí oògùn ni òun fi kúnlẹ̀, àdúrà gbogbo tó ṣe yẹn á di ti Jàbárù. Bó bá sì ní òun kò mu, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá ọkọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú fún ìyàwó, tí ìyàwó ní òun kò gbà, ta ni kò mọ ohun tí ìyàwó náà ń fi wí? Fún ìgbà àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ. Gàníyátù gbé omi wọlé, Mùnírátù gbà á, ó gbé oògùn náà mì.

"Wàá rí i," Ìyá ní. "Kò ní pẹ́ tí wàá fi máa sáré."

"Ẹ ṣeun, mà."

Wọ́n jẹ iyán. Ìyá yin ẹja náà, Sùlàímọ́nù sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ilé náà tutù fún ìgbà díẹ̀, inú Mùnírátù pàápàá dùn bó ti rí wọn bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni kò jẹun. Ó ní òun ti tọ́ ọbẹ̀ wò yó.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásárì nígbà tó kó àwo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Àwo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tó fọ́. Nígbà tí Mùlíkàt fi dé ibẹ̀, Mùnírátù ti wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ikùn, èébì tó bì dúdú, ẹ̀jẹ̀ pupa wà láàárín rẹ̀. Igbe tí Mùlíkàt ké mú àwọn tó ń ṣe àlùwàlá ju bútà sílẹ̀.

"Ẹ gbà wá o! Ìyá Gàní ti ń kú lọ o! Kí ló jẹ? Ta ló fún un ní nǹkan?"

Ẹ̀rù ti ba Gàníyátù. Ọmọ tí wọn kò bí sí ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn gbé mì. "Grandma ló fún un ní medicine," ó ní.

Mùlíkàt wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

Kò parí òwe náà. Kò sí ẹni tí kò mọ ìparí rẹ̀. Àwọn kan ti ń wo Àwẹ̀ró láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú sì wà lára Sùlàímọ́nù pé kó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́, Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí ọmọ ẹni yóò bi wá bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

Ìyá wò ó títí. Kò bú u. Ó tún tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Ó mú ìdì kan, ó tú u lójú gbogbo wọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè kí wọ́n rí i.

"Ohun tí mo fún un nìyí. Ohun tí èmi náà ń jẹ ni. Bó bá jẹ́ ikú, kó pa èmi náà."

"Ẹ má mu ún, mà!" Láti ilẹ̀ ni Mùnírátù ti sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì lọ jìnnà. Ìyá ti dà á sẹ́nu. Kò bèèrè omi. Ó jẹ ẹ́ ní gbígbẹ, ó ń rún un, ìkorò rẹ̀ fa ojú rẹ̀ jọ, ó sì gbé e mì.

"Kì í ṣe Ìyá," Mùnírátù ń wí. "Ẹ gbọ́ mi. Mo ti mu ún láàárọ̀. Mo tún mu ún lọ́sàn-án. Èmi ni. Mo mu ún kí n lè kúnlẹ̀."

Mùlíkàt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù àwo nílẹ̀. Bámiṣayọ̀ ló ya àárín wọn, ó ti wọ bàtà, ó ti mú ìró kan lọ́wọ́, ó ń pariwo pe Yàkúbù onítakisí tó ń gbé lẹ́yìn ilé. Yàkúbù wo obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Kai! Sànnu, sànnu," ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìsọ iye tí yóò gbà. Sùlàímọ́nù gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Bámiṣayọ̀ di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá, ẹ wọlé. Ẹ̀yin náà ń lọ."

Ní ọsibítù, wọ́n bèèrè ẹ̀jẹ̀, Sùlàímọ́nù na apá. Wọ́n bèèrè ìbọ̀wọ́, wọ́n bèèrè abẹ́rẹ́, wọ́n bèèrè omi tí wọ́n ń so kọ́, ó ń sáré jáde, ó ń sáré wọlé. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà nínú wọ́ọ̀dù, àwọn aláìsàn méjì ló sùn lé e. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lórí tẹ̀rásò, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn gbọ́ Yorùbá. Obìnrin tó ti rẹ̀ ni, irú ọ̀ràn yìí kò sì jọ ọ́ lójú mọ́. Ó tú ìdì tó kù lọ́wọ́ Ìyá sórí pẹpẹ, ó ń fi ìka ya wọ́n sọ́tọ̀.

"Èyí, èyí, àti èyí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń pa ìrora, wọ́n ń mú wíwú wálẹ̀. Oògùn gidi ni wọ́n bí dókítà bá yan ọ̀kan, tó sọ iye rẹ̀, tí ènìyàn bá jẹun kó tó lò ó. Ẹ̀yin ń lo mẹ́ta pọ̀, ẹ ń fi ebi lò ó. Wọ́n dá egbò sí i nínú ikùn ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde."

"Ṣé yóò yè?" Sùlàímọ́nù bi í.

"Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Oòrùn ti ń rọ̀ lójú fèrèsé nígbà tí Mùnírátù lajú. Ó rí okùn rọ́bà tó wọ apá rẹ̀, ó rí ọkọ rẹ̀ tó fi òwú di apá. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, òun sì wà lókè. Ìtìjú mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ lábẹ́ aṣọ, ó ń wá ibi tí yóò fi orúnkún sí lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Dùbúlẹ̀!" Ìyá fi ọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà padà. Ó fa aṣọ bò ó. "Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?"

Ojú Mùnírátù lọ sí ara ọkọ rẹ̀. Sùlàímọ́nù fara ti ògiri, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán nínú rọ́bà, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ní kó máa kà á.

"Mo sọ̀rọ̀ kan ní Ìwó," Ìyá ní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ìkòkò ni ẹ gbé gun orí?" Ó yíjú sí Mùnírátù. "Inú mọ́tò ni èmi náà ti mu ti èmi, kí n tó sọ̀ kalẹ̀. N kò fẹ́ kó o rí mi bí wọ́n ṣe ń gbé mi sọ̀."

Nọ́ọ̀sì padà wọlé. Bámiṣayọ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró níwájú Ìyá.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ̀yin náà mu ún lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ."

"Mo mu ún."

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń mu ún?"

"Láti ìgbà àgbàdo èṣí."

"Ìgbẹ́ yín ńkọ́, mà? Ṣé ó máa ń dúdú?"

Àwẹ̀ró wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń wọ́ orúnkún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ látorí ìró, ó ń wọ́ ọ títí nọ́ọ̀sì fi fẹ́ tún bèèrè.

"Mo rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ ni, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó ní kí wọ́n gbé Ìyá dìde, kí òun lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì kan ṣì kù níbì kan. Ìyá ti ọwọ́ mọ́ ilẹ̀, ó gbìyànjú, kò lè dìde. Mùnírátù na ọwọ́ tí kò sí rọ́bà lára rẹ̀ sí i láti òkè, ọwọ́ náà kò tó o. Ìgbà náà ni Sùlàímọ́nù kúrò lára ògiri, tó sọ̀ kalẹ̀ sórí tẹ̀rásò níwájú àwọn méjèèjì, orúnkún rẹ̀ méjì kanlẹ̀, kó lè ki ọwọ́ sábẹ́ apá ìyá rẹ̀.